Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ “olódo ni ẹ́”

Mo gba 38 nínú ìdánwò ìṣirò kan ní yunifásítì, ni ọkàn mi bá ń wí lójoojúmọ́ pé, “Olódo ni ẹ́.” Mo gbààwẹ̀, mo sá fún kíláàsì, kò lọ.

Nóòtù kékeré kan ló ràn mí lọ́wọ́. Mo fa ìlà sí àárín ewé: ohun tí ọkàn mi sọ lápá òsì, ẹ̀rí lápá ọ̀tún. Inú ìlànà tí Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 ló ti wá. “Olódo” wá dojú kọ kọ́ọ̀sì méje tí mo yege. Ẹjọ́ tú ká! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo padà sí kíláàsì. Karíofà yẹn, ìdánwò ìṣirò tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ṣì wà nílẹ̀ o; màá tún un kọ.