Bí A Ṣe Ń Di Ọpẹréítọ̀ Katapílà L'Ékòó

Nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá tí a ń pè ní katapílà, mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo kọ́. Bí Àpápá tàbí Àjégúnlẹ̀ lò ń gbé, forklift, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè tó sì ń tò ó, ni kí o kọ́, nítorí èbúté àti ilé ìkẹ́rùsí ló yí ọ ká. Ẹni tó fojú sí iṣẹ́ ọ̀nà àti ilé kíkọ́, kó lọ sídìí excavator, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀. Crane, ẹ̀rọ tó ń fi okùn irin gbé ẹrù ńlá sókè, kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Gba làísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ Road Safety. Ìsọ̀rí H ni ti ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀, ti ọkọ̀ kékeré kò bò ó. Fẹsẹ̀ ara rẹ lọ, má rán agbódegbà.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó mú sẹ́tífíkéètì dídán wá sí sáìtì ní Yábàá, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì. Ojú pátákó ni wọ́n ti kọ́ ọ, kò gun ẹ̀rọ rí. Nítorí náà, má sanwó kí o tó fojú rí ẹ̀rọ tí wọn yóò fi kọ́ ọ, kí wọ́n sì tan án lójú rẹ. Béèrè iye ẹni tí ẹ jọ máa pín in. Bí ẹ bá jẹ́ 20 lórí ẹ̀rọ kan, tí ẹ ń fi wákàtí 6 ṣe é lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, wákàtí kan àtààbọ̀ péré ló kàn ọ́. Ìyẹn kò tó gbẹ́ gọ́tà tó gún régé. Bí ẹ bá ti ju 5 lọ, wá ibòmíràn. Bí wọ́n bá sọ pé ITF (Industrial Training Fund) tàbí NBTE (National Board for Technical Education), àwọn àjọ ìjọba, mọ̀ wọ́n, lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n dárúkọ, kí o béèrè lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ní òun á fún ọ ní sẹ́tífíkéètì lọ́la, bébà ló ń tà. Lọ́jọ́ tí búkẹ́ẹ̀tì, irin tí excavator fi ń gbẹ́lẹ̀, bá gbá ènìyàn, bébà yẹn kò ní gbà ọ́ sílẹ̀.

Bí o bá ti jókòó sínú excavator, ọ̀pá méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ìlànà méjì ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ fún ọ̀pá náà: ISO àti SAE. Ní ìlànà ISO, ti òsì ló ń yí ẹ̀rọ, tó tún ń na apá kékeré tó di búkẹ́ẹ̀tì mú jáde. Ti ọ̀tún ló ń gbé apá ńlá tó so mọ́ ara ẹ̀rọ, tó sì ń ká búkẹ́ẹ̀tì. Ní ti SAE, apá ńlá bọ́ sí òsì, kékeré bọ́ sí ọ̀tún. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ ní sáìtì wa, o lè bá èyíkéyìí pàdé. Kí o tó fọwọ́ kan iṣẹ́, lé gbogbo ènìyàn kúrò nítòsí, pàápàá lẹ́yìn, torí ìdí ẹ̀rọ ló ń gbá wọn bó bá yí. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra máa ṣiṣẹ́, kí o wá dán ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wò díẹ̀díẹ̀. Nílé, ri igi méjì mọ́ inú garawa iyanrìn méjì, jókòó sáàárín wọn, kí o máa fi ṣe é títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó sàn ju géèmù orí fóònù lọ.

Láràárọ̀, wo ọ́ìlì, omi, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ àti páìpù rẹ̀ kí o tó tan án. Bí o bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, gbé búkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì, kọjú sí ẹ̀rọ, má fò.

Ra ìwé 40 leaves kan. Kọ ọjọ́, irú ẹ̀rọ àti wákàtí tí o lò lórí rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ sì buwọ́ lù ú lójoojúmọ́. Fi pọ̀ mọ́ sẹ́tífíkéètì nígbà tí o bá ń wá iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o kọ́kọ́ ṣe ọmọ-ẹ̀yìn ọpẹréítọ̀, gbà.