Nígbà tí omi ń bá mi wa ọkọ̀ ìpẹja mi

Ọkọ̀ ìpẹja kékeré ni, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, ẹ́ńjìnnì kan ló wà nídìí rẹ̀. Ìgbà kan dé tí kò gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo bá tẹná mọ́ ọn, imú rẹ̀ á gbé sókè, kò sì ní wálẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí mo bá yí i sọ́tùn-ún, á tẹ̀ bí ọ̀mùtí, á sì pẹ́ kó tó nàró. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń yí nínú omi tó fi ń ti ọkọ̀ lọ. Owó ńlá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ páǹpù tó ń fa omi inú ọkọ̀ jáde kì í sinmi mọ́. Omi ni mo fura sí.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Lítà omi kan, kílò kan. Bí omi tó kún garawa onílítà 20 márùn-ún bá fara pamọ́ sábẹ́ pákó tí à ń tẹ̀, 100 kílò lẹ rù láìmọ̀. Ẹrù ọ̀hún kì í sì í dúró lójú kan. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, omi á sáré lọ sọ́tùn-ún, á tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Bí ẹ bá tẹná, gbogbo rẹ̀ á wọ́ lọ sídìí.

Kí n tó gbọ́n ọn dànù, mo bu díẹ̀ sọ́wọ́. Kò rùn epo, mo bá fi ahọ́n kàn án: iyọ̀. Kì í ṣe omi òjò nìyẹn. Mo nu abẹ́ pákó gbẹ, mo so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì. Omi tó wọlé ò tó nǹkan. Àmọ́ nígbà tí mo fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, tí omi òkun ń ti pátákó tí ẹ́ńjìnnì há mọ́, abẹ́ pákó tún rin gbingbin.

Mo fà á gun tírélà, mo fi igi tì í lábẹ́ kí ìwúwo má baà ṣe é léṣe, mo wá bu omi sínú rẹ̀ níwọ̀nba. Mo nu ìta gbẹ, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó. Ẹ̀kán omi kan yọ lẹ́nu skúrù tó di ojú ẹ̀rọ ìwẹja, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ẹja wà hàn, mú mọ́ pátákó náà. Ó rọ̀ síbẹ̀, ó tóbi díẹ̀díẹ̀, ó já bọ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Rọ́bà kọ́ọ̀kì ihò ìdí ọkọ̀ náà ti sán.

Mo tú skúrù náà. Igi inú pátákó ṣì funfun, ó gbẹ. Ká ní ó ti dúdú, tó ń fọ́ lọ́wọ́ ni, iṣẹ́ ńlá ni ì bá jẹ́. Mo fi epoxy, ìyẹn àtè tó ń le gbagidi, dí àwọn ihò náà, mo tún wọn lu, mo sì fi àtè tí wọ́n ṣe fún abẹ́ omi yí skúrù ká kí n tó dè é. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá. Àtè kì í mú ara tútù dáadáa. Kọ́ọ̀kì, mo ra tuntun. Fóòmù kan wà lábẹ́ pákó tó ti mumi yó, mo gé e kúrò, mo sì fi tuntun dípò rẹ̀, torí òun ló ń gbé ọkọ̀ léfòó tí omi bá kún un. Ẹ má ṣe fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà tí mo padà sómi, imú wálẹ̀ kíákíá. Mo gbé bátìrì lọ síwájú díẹ̀, ó tún dára sí i. Ohun tó kù ni pé ọkọ̀ ṣì ń fà sọ́tùn-ún, èyí kì í sì í ṣe ẹ̀bi omi: ìyípo abẹ̀bẹ̀ ló ń fà á. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lókè abẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo dẹ bóòtù rẹ̀, mo ti etí ẹ̀yìn irin náà sọ́tùn-ún díẹ̀, mo sì dè é padà.