Ẹ mú ògì dání kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ omi híhó

Ilé ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Abbey Wood, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ omi híhó, ẹnu ẹ̀rọ létí síńkì tí táǹkì tó ń se omi wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ orí ẹ̀rọ, ó yí i, omi híhó tú jáde tèéfín-tèéfín. Kò tan kẹ́tù, kò dúró de nǹkan kan. Ó wọ̀ mí lójú. Bí mo ṣe délé ni mo sọ fún Bàbá Tómi pé àwa náà á ṣe é. Ó ní, "Èló ni?" Mo ní ó lé ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, owó púlọ́mbà ò sí níbẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn wo kẹ́tù wa tá a ra ní pọ́n-ùn 25, bí ẹni ń wo ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n fẹ́ lé lọ láìṣẹ̀.

Oṣù mẹ́rin la fi rò ó ká tó ṣe é. A ti ń lò ó bọ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀, àwọn èèyàn sì máa ń bi mí bóyá kí àwọn náà ṣe é. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn rèé.

Ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ ń se omi. Mo lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì fún ọjọ́ méje, mo fi okùn so bírò mọ́ ọn. Ẹni tó bá tan kẹ́tù á fa ìlà kan, á kọ ohun tó fẹ́ fi omi náà ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ìlà 74 ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, tíì tèmi nìkan gba 19 nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n Tómi ló tú àṣírí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni, ó sì máa ń bu omi kún kẹ́tù dé ọrùn, lítà 1.7, nítorí Milo ife kan ṣoṣo. Ìyókù á tutù síbẹ̀, tó bá di alẹ́ á tún un sè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó iná ti wọlé. Kẹ́ ẹ tó lè se omi lítà kan láti tútù títí tó fi máa hó, á jẹ iná tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá yúníìtì. Lórí bílì tiwa, pẹ́nsì 26 ni yúníìtì kan nígbà náà, ìyẹn ni pé bíi pẹ́nsì mẹ́ta ni lítà kan. Táǹkì ẹ̀rọ omi híhó náà ń jẹ tirẹ̀ tọ̀sán-tòru kí omi inú ẹ̀ má baà tutù. Èyí tí wọ́n wé dáadáa ń jẹ bíi wáàtì 10. Ẹ fi wákàtí 24 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di bíi pẹ́nsì mẹ́fà lójúmọ́, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Omi tẹ́ ẹ bá wá lò, iná tirẹ̀ tún wà lọ́tọ̀.

Torí náà, ilé tí wọ́n bá ti ń bu omi níwọ̀nba sínú kẹ́tù ò ní rí èrè kankan níbẹ̀. Ilé olómi-àṣẹ́kù bíi tiwa lè rí pẹ́nsì mẹ́ta he lójúmọ́. Mo jókòó, mo ṣírò ẹ̀: ẹni tó bá ń fi pẹ́nsì mẹ́ta lójúmọ́ san ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn á san án fún ọdún 91. Tómi á ti di ẹni ọdún 106. Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì dárúkọ fílítà, tí tiwa ń gbà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, pọ́n-ùn 45 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ rà á torí kí owó iná lè dínkù, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa lọ. Ìrọ̀rùn lẹ fẹ́ fowó rà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ mi wú, mo mọ ohun tí ìrọ̀rùn yẹn jẹ́ lójú mi, mi ò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò pẹ̀lú oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó ń tà á, tíì ló máa fi hàn yín. Èmi padà lọ sílé ọ̀rẹ́ mi ní ọjọ́ Sátidé kan, mo mú ògì àti gààrí dání. Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo fi omi tútù díẹ̀ po ògì nínú abọ́, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, mo yí i. Omi ẹ̀rọ yẹn kì í dà wàà bíi ti kẹ́tù. Wọ́n ti po afẹ́fẹ́ mọ́ ọn kó má baà jó èèyàn jù, ó ń ta wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ògì ń fẹ́ kí omi híhó ya bò ó lẹ́ẹ̀kan náà ni. Mo rò ó, mo rò ó, kò dì. Ó ṣe omi tóóró, àwọ̀ ẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

Mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo da omi tó ti dúró nínú páìpù nù, bí ìwọ̀n ife kan, torí ìyẹn ò gbóná tó. Mo fi omi híhó ṣan abọ́ kí ara ẹ̀ gbóná. Mo wá gba omi sínú jọ́ọ̀gì, inú jọ́ọ̀gì ni mo ti dà á lé ògì lórí lẹ́ẹ̀kan. Ó dì, ó sì ki. Ẹ̀bà ò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, àfi pé abọ́ tó gba ẹ̀bà ilé wa ò wọ abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ wọn abọ́ yín tó tóbi jù kẹ́ ẹ tó yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni omi wọn ń hó lóòótọ́. Irú ti Quooker, táwọn ará Nẹ́dálándì ń ṣe, ń há omi mọ́ inú táǹkì tó fi gbóná kọjá dígíríì 100, ìdí nìyẹn tó fi ń hó bó ṣe ń jáde. Omi àwọn mìíràn ò dé 100. Ẹ ka ara páálí dáadáa.

Àbúrò mi bímọ lọ́dún tó kọjá, ó lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa, Màmá sì wá láti Ìjẹ̀bú-Òde wá wẹ ọmọ. Omi tí Màmá ń fẹ́ láti fi tẹ ikùn ìyá ọmọ, báàkẹ́ẹ̀tì ni. Táǹkì wa ò ju lítà mẹ́ta lọ. Tó bá ti tán, ó di bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tún gbóná. Màmá ní, "Ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, kò lè kún báàkẹ́ẹ̀tì?" Ló bá lọ gbé ìkòkò kaná. Mílíìkì ọmọ náà, kẹ́tù la fi ń se omi ẹ̀, torí omi tuntun láti ẹnu ẹ̀rọ omi tútù, tí wọn ò tíì sè rí, ni NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ní kí èèyàn sè, kó sì ṣì gbóná tó dígíríì 70 nígbà tí wọ́n bá fẹ́ po mílíìkì. Torí náà kẹ́tù pọ́n-ùn 25 yẹn ò kúrò nílé.

Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ ra èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó yí i. Ẹ má sì tìtorí ìyẹn gbójú kúrò. Ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù ìyá rẹ̀ ò ní pẹ́ mọ ìyẹn náà.

Ẹ wá wo ìdí kẹ́tù yín. Omi Lọ́ńdọ̀nù le, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan funfun bí ẹfun á ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì tẹ́ ẹ ò lè fojú rí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Glasgow ti lo kẹ́tù rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ìdí ẹ̀ ń dán. Òun lè rà á láìronú jìnnà. Àwa tá a wà lápá ibí, ẹ bi wọ́n ní kedere: ta ló máa ń fọ ẹfun inú ẹ̀, èló ni, ṣé gàráńtì ò sì ní já tí a ò bá lo fílítà wọn?

Abẹ́ síńkì ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ kó búlíìṣì àti ọ̀rá tó wà níbẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ wọn àyè ẹ̀. Ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀? Tí kántà yín bá jẹ́ òkúta, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lu ihò sí òkúta ni kẹ́ ẹ pè. Tẹ́ ẹ bá ń yá ilé gbé, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé táǹkì tiwa máa ń kán omi díẹ̀ sínú páìpù ìdọ̀tí nígbà tó bá ń gbóná. Mo gbọ́ tó-tó-tó lóru, ọkàn mi fò, mo pe púlọ́mbà kan. Ó wò ó, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe, ó gba pọ́n-ùn 80, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń kọ́lé n'Íbàdàn ti gbọ́, òun náà fẹ́ ẹ sí kíṣínì rẹ̀. Mo ní kó gbé ti iná tì ná, ká sọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀rọ tiwa ń fẹ́ kí agbára omi tó bar 2; bar ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń fipá tì. Omi tó ń ti orí táǹkì bọ̀, gíga mítà mẹ́wàá ló ń fúnni ní bar kan. Táǹkì rẹ̀ tó gbé lé orí irin lẹ́yìn ilé, bóyá ló fi ga tó mítà márùn-ún sí ẹnu ẹ̀rọ. Mo ní kó lọ wọ̀n ọ́n kó pè mí padà. Kò tíì pè.