Bí òbí ṣe lè yan ilé-ìwé fún ọmọ adití ní ìlú Ọ̀yọ́

Kí òbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé-ìwé, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà. "Kò gbọ́ràn" ni èdè wa ń wí fún ọmọ tí etí rẹ̀ dí, òun náà ni ó ń wí fún olóríkunkun, wọ́n sì ti torí bẹ́ẹ̀ na ọ̀pọ̀ ọmọ fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ náà níbi tí kò ti lè rí yín tàbí òjìji yín, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn. Bí kò bá yíjú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí ní ilé ìwòsàn LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí UCH ní Ìbàdàn, nítorí pé etí tí ó kún fún ìdọ̀tí tàbí tí ó ń ṣọyún ṣe é tọ́jú.

Bí dókítà bá fi yé yín pé etí náà dí ní tòótọ́, àríyànjiyàn ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé. Àwọn kan yóò ní ilé-ìwé tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń lọ ni kí ó lọ, wọn yóò sì tọ́ka sí Ìkéde Salamanca tí àwọn aṣojú ìjọba 92 fẹnu kò sí ní Sípéènì ní 1994. Òótọ́ ni pé ìkéde náà fẹ́ kí ilé-ìwé gbogboogbò gba gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi í jiyàn kì í sábà kà dé ibi tí ìlànà rẹ̀ ti sọ pé, nítorí ọ̀nà tí adití ń gbà sọ̀rọ̀, ilé-ìwé àkànṣe tàbí kíláàsì àkànṣe nínú ilé-ìwé gbogboogbò lè bá a mu jù.

Ẹ má sì gbà fún ẹni tí ó bá ní ọmọ náà yóò kàn máa wo ẹnu olùkọ́. Bí olùkọ́ ṣe ya ẹnu pe ọkọ ìyàwó náà ni yóò ṣe yà á pe ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn ọ̀hún gan-an sì ni adití kò gbọ́. Ní 1880, àpérò àwọn olùkọ́ adití ní Milan pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a máa fi kọ́ wọn, èdè ọwọ́ sì kúrò ní ọ̀pọ̀ kíláàsì; ọdún 2010 ni irú àpérò kan náà, ní Vancouver, tó kọ ìpinnu náà sílẹ̀.

Ní tèmi, èdè ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti dí kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ nílò ibi tí àwọn ọmọ àti àgbà ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí èdè ọwọ́ bá ti yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lè lọ sí ilé-ìwé gbogboogbò tí ó bá ní ògbufọ̀. Ti ọmọ tí ó ń gbọ́ díẹ̀, tí ẹ̀rọ etí sì ń ràn lọ́wọ́, yàtọ̀: ilé-ìwé ìtòsí àti ìjókòó iwájú lè tó o.

Bí ẹ bá lọ wo ilé-ìwé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn ọ̀gá ilé-ìwé mọ. Ẹ tọrọ àyè láti jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún wákàtí kan, kí ẹ wò ó bóyá olùkọ́ ń kọjú sí ọmọ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dúró di àsìkò eré, torí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ọmọ adití kan ṣoṣo ń dá dúró lẹ́bàá ògiri. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara ti 2018, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tí ó kọ́ṣẹ́ ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ẹni náà, kí ẹ sì rí i lójú.

Àwọn òbí kì í sábà ronú kan ìsinmi. Ọmọ tí ó ti kọ́ èdè ọwọ́ ní ilé-ìwé yóò padà wálé, kò sì sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé yóò máa wo ẹnu ìyá rẹ̀ bí àlejò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, tí ó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ adití àti àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn, wà ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ ẹni tí yóò kọ́ yín àti àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, títí kan ìyá àgbà, ní èdè ọwọ́ kí ọjọ́ ìwọlé tó pé.