Súwẹ́tà tí mi ò lè jù nù: bí mo ṣe tú u

Ó tó ọdún 6 tí súwẹ́tà yẹn ti wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Mi ò lè wọ̀ ọ́ mọ́, mo ti sanra sí i, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sì ti lu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kó o sínú báàgì aṣọ tí mo fẹ́ fi tọrẹ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì tún yọ ọ́ padà. Aṣọ tí mo bá rà, kíá ni mo máa ń fún èèyàn. Ṣùgbọ́n èyí lohun àkọ́kọ́ tí mo hun tán láyé mi, oṣù 4 ni mo fi hun ún, ojú ìhun kan tiẹ̀ wà níwájú àyà ẹ̀ tí mo hun lódì, tó jẹ́ èmi nìkan ló mọ ibi tó wà, tí mo bá sì ti gbé e lọ́wọ́, ìka mi á ti débẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ni mo bá ní kí n kúkú tú u, kí n fi òwú ẹ̀ hun nǹkan míì.

Ọwọ́ ni mo fi rán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn, òwú kan náà sì ni mo lò, torí náà ó tó ìdajì wákàtí kí n tó rí ibi tí mo ti so ó. Tó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ rà ni, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wò. Tí wọ́n bá gé aṣọ náà kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rán etí ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, òwú kéékèèké ló máa já bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀dọ̀ ọrùn tí mo parí ìhun sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, torí tẹ́ ẹ bá fà á láti ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìhun, ṣe ni á máa há. Ohun tó gbà mí lóṣù 4, wákàtí 2 péré ló fi tú. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tó kan ojú tí mo hun lódì yẹn, mo dúró, mo fi fóònù yà á, mo wá fà á. Ó lọ bíi tàwọn yòókù, kò tiẹ̀ há.

Abẹ́ abíyá nìkan ló bá mi jà. Òógùn àti ìfararora ti jẹ́ kí irun àgùntàn ibẹ̀ dì pọ̀ bí àkísà, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò. Ibi tí òwú ti já, mo tú orí méjèèjì díẹ̀, mo fi itọ́ rin wọ́n (itọ́ ni o, ẹ má rẹ́rìn-ín), mo wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí wọ́n títí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ra. Irun àgùntàn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sha, òwú tí wọ́n fi kọ́tìn ṣe ò ní lẹ̀.

Òwú náà rí kókóló bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dídì ẹ̀. Mo ká a yí ẹ̀yìn àga, mo so ó níbi 4 kó má lọ́ pọ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ fún ìdajì wákàtí, mi ò bó o rárá, torí omi gbígbóná àti bíbó ló máa ń sọ ọ́ di pátákó. Mo fi hángà gbé e kọ́, mo so aṣọ ìnura kékeré tó tutù mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó lè nà. Ọjọ́ 2 ló fi gbẹ.

Abẹ́rẹ́ ìhun tó nípọn ní mílímítà 4 ni mo lò, mo kọ́kọ́ hun pẹlẹbẹ kékeré kan wò, ojú 21 wọ inú sẹ̀ǹtímítà 10, ni mo bá fi hun síkáàfù. Ọ̀sẹ̀ 3 péré. Àbúrò mi rí i lọ́rùn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi, àbí ẹ máa sunkún?" Mo bọ́ ọ fún un lójú ẹsẹ̀, àyà mi ò tiẹ̀ já, ó ya èmi gan-an lẹ́nu.

Àkísà abẹ́ abíyá méjèèjì yẹn nìkan ni mi ò tíì lè jù nù. Wọ́n wà nísàlẹ̀ àpótí.