Bí Mo Ṣe Fi Irinṣẹ́ Oníbátìrì Kan Pẹpẹ Ìwé

Pẹpẹ ìwé onípele mẹ́rin ni mo fẹ́ kàn, plywood tó nípọn tó mílímítà 18 ni mo sì fi kàn án. Níta gbangba ni mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí wáyà iná kò dé, ni mo bá gbé àpótí irinṣẹ́ oníbátìrì jáde. Dírílì, impact driver (ẹ̀rọ tí ń yí síkúrúù wọnú igi), ayùn olójú róbótó, jigsaw (ayùn alábẹ tóóró tí ń gé igun), ẹ̀rọ tí ń fi sáńpépà ha igi, bátìrì méjì àti ṣájà kan ló wà nínú rẹ̀. Irú bátìrì kan náà ló ń wọ ìdí gbogbo wọn. Ìyẹn dùn mọ́ mi, òun náà ló sì pinnu iṣẹ́ tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn.

Wọ́n kọ 18V (fóltì, ìyẹn ipá iná) àti 4.0Ah (ampere-hour, ìyẹn bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó) sára bátìrì mi. Tí ẹ bá sọ 18 di púpọ̀ ní ọ̀nà 4, ẹ ó rí 72Wh (watt-hour), iye agbára tó gbé sínú nìyẹn. Èyí tó jẹ́ 2.0Ah, ìdajì rẹ̀ péré ni. Ẹ má jẹ́ kí 20V tí àwọn kan ń kọ sára tiwọn dẹ́rù bà yín: ọmọ bátìrì márùn-ún tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn ló wà nínú méjèèjì, 3.6V lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ló máa ń dé 20V.

Ayùn àti ẹ̀rọ sáńpépà ni ọ̀jẹun. Dírílì kàn ń tọ́ ọ wò ni. Nítorí náà mo fi bátìrì tó kún sídìí ayùn, mo sì gé gbogbo pákó tán pọ̀. Mo jẹ́ kí bátìrì náà tutù kí n tó tì í bọ ṣájà, torí bátìrì lithium kì í fẹ́ ooru.

Ibi ìgé gan-an ni iṣẹ́ wà. Eyín ayùn yìí máa ń ti ìsàlẹ̀ igi gbé wá sókè, òkè ló sì ti ń fa igi ya. Ojú pákó tó dára ni mo dà délẹ̀ nígbà gbogbo. Mo yọ bátìrì, mo fi abẹ eléyín 40 rọ́pò eléyín 24 tó wà lórí rẹ̀, mo sì sọ abẹ náà kalẹ̀ débi tí eyín rẹ̀ fi yọ díẹ̀ lábẹ́ igi. Mo fi clamp (irinṣẹ́ tí ń fún nǹkan mọ́ra) de igi gbọọrọ kan mọ́ pákó kí ìdí ayùn lè máa tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ gbé nǹkan sábẹ́ pákó dáadáa, torí bí igi bá fún abẹ pọ̀, ayùn lè ta padà sí yín lára. Ẹ bo ojú, ẹ bo etí.

Jigsaw kò ṣe ju pé ó gé igun ẹsẹ̀ pẹpẹ.

Àwọn kan ní ẹni tó bá ti ní impact driver kò nílò dírílì mọ́. N kò gbà. Impact driver ń gbá síkúrúù bó ṣe ń yí i, agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kíá ló máa ń rì í wọnú plywood. Dírílì ní kílọ́ọ̀ṣì tó ní nọ́ńbà, òun ló ń dá yíyí dúró bí síkúrúù bá ti le dé ìwọ̀n tí a yàn; láti nọ́ńbà kékeré ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń gbé e sókè títí orí síkúrúù fi bá ojú igi dọ́gba. Kí n tó wọ ọ̀kankan, mo kọ́kọ́ lu ihò tóóró, torí etí plywood máa ń là bí a bá fi ipá wọ̀ ọ́.

Bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe ń ga ló ń kúnná sí i: sáńpépà 80 ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà 120, kí n tó fi 180 parí rẹ̀. Ibẹ̀ ni bátìrì ti ń lọ wàràwàrà. Ní tèmi, ẹ̀rọ yìí nìkan ni ìbá sàn kó ní wáyà. Ọwọ́ lásán ni mo fi ha àwọn etí, mo nu eruku, mo kun fáníìṣì. Bí mo bá tún máa ra nǹkan kún àpótí yìí, bátìrì kẹta ni.