Tí ohùn àti àwòrán ò bá rìn pọ̀ nínú DVD tẹ́ ẹ bọ́ọ̀nù fúnra yín

Ẹ ti bọ́ọ̀nù fídíò Ọlọ́jọ́ sí DVD fáwọn àgbà ilé, ẹ fi sí plẹ́yà, Ọọ̀ni ń lọ sí Òkè-Mògún, ọ̀pá onílù ti kan awọ tipẹ́ kí dùndún tó dún. Ẹ má tíì sáré lọ ra DVD míì ní Lágere o. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bó ṣe yà síra níbẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe yà síra títí dópin, àbí ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fò sí àárín, ẹ fò sí ìparí, ibi tí wọ́n bá ti ń lùlù tàbí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fojú sí, torí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ máa ń tanni jẹ.

Tí kò bá pọ̀ sí i, wàhálà yín kéré. Ẹ ṣí fáìlì fídíò yẹn nínú VLC, app tí wọ́n fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà, tí ohùn bá ń pẹ́ dé ẹ tẹ J, tó bá ń ṣáájú àwòrán ẹ tẹ K, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á sún ohùn ní mìlísẹ́kọ́ńdì 50. Ẹ kọ iye tó bá mú un bára mu sílẹ̀, torí VLC ò tún fáìlì yẹn ṣe rárá, inú app tẹ́ ẹ fi ń gé fídíò lẹ ti máa sún un gan-an, Avidemux, tó jẹ́ ọ̀kan nínú irú app bẹ́ẹ̀, ní Shift fún un, kẹ́ ẹ tó tún bọ́ọ̀nù.

Èyí tó ń pọ̀ sí i yẹn ló máa ń dààmú èèyàn, ẹ ò sì lè fi sísún ohùn wò ó sàn, tẹ́ ẹ bá tún iwájú ṣe ẹ̀yìn á bàjẹ́. Fóònù ló sábà máa ń fà á. Iye àwòrán tí fóònù ń yà ní sẹ́kọ́ńdì kan kì í dúró sójú kan, tí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn ó lè dín in kù láìsọ fún yín, DVD sì rèé, ó níye tó fẹ́: 25 ni ti PAL, ìlànà fídíò tá à ń lò ní Nàìjíríà, 29.97 ni ti NTSC àwọn ará Amẹ́ríkà. Kódà kí app kan ṣáà ka 29.97 sí 30, tí wákàtí kan bá fi máa pé ohùn àti àwòrán á ti fi sẹ́kọ́ńdì 3.6 jìnnà síra. Ẹ gbé fídíò náà gba inú HandBrake, app tó ń yí fídíò padà, kọjá, ẹ yan 25 níbi Framerate (iye àwòrán ní sẹ́kọ́ńdì kan), ẹ tẹ Constant, ẹ fi ohùn sí 48 kHz (44.1 yẹn, ti VCD ni), lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gbé e fún app tó ń ṣe DVD.

Tí DVD yẹn gan-an bá dáa nínú láptọ́ọ̀pù àmọ́ tí kò dáa lórí tẹlifíṣọ̀n, plẹ́yà tàbí tẹlifíṣọ̀n ló lẹ́bi. Tẹlifíṣọ̀n tuntun máa ń fi àwòrán jáfara nígbà tó bá ń tún un ṣe, pàápàá tí ohùn bá ń gba inú home theatre jáde, ẹ tan Game Mode ẹ wò ó. Tí plẹ́yà bá ń há, ẹ nu léńsì, ẹ má jẹ́ kí bitrate, ìyẹn iye dátà ní sẹ́kọ́ńdì kan, kọjá 6 tàbí 7 Mbps, kẹ́ ẹ sì fi eré 4x bọ́ọ̀nù. DVD-RW ni kẹ́ ẹ máa fi dán an wò jàre, ó ṣeé pa rẹ́, kí bátìrì láptọ́ọ̀pù sì kún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí DVD-R tí iná bá lọ lórí ẹ̀ ti di ẹ̀gbin nìyẹn.